Apache, Nginx Àbí Caddy? Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Web Server

Ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kó máa bójú tó ìkànnì ayélujára ti ẹgbẹ́, ti ìjọ ilé, tàbí ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Owó tí a sì ń ná sí i, owó ọrẹ àti owó ìdáwó ni.

Láàárín àwa tí a mọ díẹ̀ nípa rẹ̀, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán: ṣé Apache ló dára ni, àbí Nginx? À ń jà á bí ẹni ń jà lórí Arsenal àti Chelsea. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí fi yé wa ni pé ìbéèrè náà kò tíì pé. Kí a tó bèèrè èyí tó dára, ó yẹ kí a mọ irú àwọn tó ń kanlẹ̀kùn wa, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń lò, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú iṣẹ́ náà nígbà tí àwa bá ti lọ.

1. KÍ NI WEB SERVER?

Tí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì kan sórí fóònù yín, fóònù náà yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn pé kó fún òun ní ojú-ìwé báyìí-báyìí. Lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ètò kan ti jókòó tó ń retí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń wá fáìlì náà, òun ló sì ń fi í ránṣẹ́. Ètò yẹn là ń pè ní web server. Tí a bá fi wé iṣẹ́ ènìyàn, agbáwo ni ní ilé olóńjẹ: oníbàárà á sọ ohun tó fẹ́, agbáwo á lọ gbé e wá.

Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ọdún 1990 ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí Geneva ní ilẹ̀ Switzerland. Ó lẹ ìwé mọ́ ara kọ̀ǹpútà tó ń lò, ó fi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Àwa tí a mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní Kano, a kò nílò àlàyé. Bí agbáwo bá sùn, ebi ni yóò pa oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń háyà àyè lórí kọ̀ǹpútà àwọn oníṣòwò tí iná kì í kú lọ́dọ̀ wọn, dípò kí wọ́n gbé tiwọn sí ọ́fíìsì.

2. ENUGU ROAD GẸ́GẸ́ BÍ ÀPẸẸRẸ

Ẹ jẹ́ ká fi Enugu Road ní Sabon Gari, Kano, ṣe àpẹẹrẹ. Ìtumọ̀ Sabon Gari lédè Haúsá ni ìlú tuntun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1910 fún àwọn tó ti ibòmíràn wá ṣiṣẹ́ tàbí ṣòwò ní Kano. Títí dòní, Yorùbá, Ígbò àti ẹ̀yà mìíràn ló ń gbé ibẹ̀, ìjọ sì pọ̀ níbẹ̀.

Ká sọ pé ìjọ kan ní òpópónà yìí fẹ́ máa gbé ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi sórí ayélujára. Àwọn wo ni yóò wá gbọ́ ọ? Ìyá tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Sabon Gari, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé ìwé, ẹbí tó ti kó lọ sí Ìlọrin. Fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, dátà tí wọ́n ń fi owó ara wọn rà ni.

Ìwàásù wákàtí kan tí a gbà sílẹ̀ ní 128 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò tó nǹkan bí MB 58. Tí a bá sọ ọ́ di 32 kilobit, tó tó fún ohùn ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí MB 14. Kí a tó dárúkọ server kankan, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ wá wo ìṣirò yìí. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yá, tó ń gba MB 5 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, MB 14 yóò parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Tó bá lọ́ra, tó jẹ́ KB 50 ló ń wọlé, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 5. Ká sọ pé ènìyàn 150 tẹ fáìlì náà láàárín ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn ìsìn. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yá, ẹnì kan tàbí méjì péré ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tó ti lọ́ra, ẹni àkọ́kọ́ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ nígbà tí ẹni ìkẹyìn ń dé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni yóò dúró papọ̀. Iye ènìyàn kò yí padà, fáìlì kò yí padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ́ra nìkan ló sọ èrò méjì di àádọ́jọ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn web server ti yàtọ̀ síra jù lọ.

3. APACHE

Ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Rob McCool kọ web server kan fún ilé iṣẹ́ NCSA. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní 1994, àwọn tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1995, wọ́n kó àtúnṣe wọn jọ, Apache sì jáde. Láàárín ọdún kan, òun ló gbawájú jù lọ lágbàáyé. Ọ̀fẹ́ ni.

Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù fún àwa tí a ń háyà àyè ni fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .htaccess. Ẹ lè fi í sínú fódà tiyín, kí ẹ kọ ìlànà tiyín sínú rẹ̀, láìfọwọ́ kan ti àwọn ẹlòmíràn tí ẹ jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan náà. WordPress fúnra rẹ̀ máa ń kọ ìlànà rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ń gbà wá ni pé, ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan, Apache yóò kọ́kọ́ wo fódà kọ̀ọ̀kan bóyá fáìlì yẹn wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí Apache ń gbà ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó ti pẹ́ jù ń jẹ́ prefork: agbáwo kan fún oníbàárà kan, yóò sì dúró tì í títí yóò fi jẹun tán. Tí PHP bá wà nínú Apache lọ́nà tí wọ́n ń pè ní mod_php, agbáwo kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù PHP kiri, kódà bó jẹ́ fáìlì ohùn lásán ni oníbàárà béèrè. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba MB 20 nínú RAM, 150 yóò gba MB 3000. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ GB 1 kò lè gbé e. Yóò dákú.

Ṣùgbọ́n ká má ṣe pa irọ́ mọ́ Apache. Láti ìgbà tí 2.4 ti jáde ní 2012, ọ̀nà tó ń jẹ́ event ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í jẹ́ kí agbáwo kan so mọ́ ẹni tó kàn dúró. Lórí Debian àti Ubuntu, òun ni ẹ ó bá níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fi mod_php sí i, ẹ ti padà sí prefork nìyẹn. PHP-FPM ni kí ẹ lò, kí PHP lè dá dúró lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú Apache pé ó wúwo, prefork ni wọ́n ń bú.

4. NGINX

Igor Sysoev, ará Rọ́ṣíà, ló kọ Nginx, ó sì gbé e jáde fún aráyé ní 2004. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni báwo ni kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yóò ṣe dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí agbáwo má pọ̀, kí ó máa rìn. Nginx sábà máa ń ní òṣìṣẹ́ kan fún core kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ kan á gbé àwo fún tibí, á yà sọ́dọ̀ tọ̀hún, á sì padà wá nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣetán fún òkèlè mìíràn. Kò ní dúró wo ẹni tó ń jẹun lẹ́nu. Nítorí náà, fóònù 150 tó lọ́ra kì í ṣe wàhálà fún un, RAM tó ń jẹ kò sì tó nǹkan.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Kì í ka .htaccess rárá. Inú fáìlì ìlànà gbogbogbòò ni ohun gbogbo wà, ẹni tó bá ní àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà náà nìkan ló lè yí i padà. Bí ẹ bá kó WordPress láti Apache wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láìtún ìlànà yẹn kọ, ojú-ìwé àkọ́kọ́ yóò ṣí, àwọn yòókù lè máa sọ pé a kò rí wọn. Kì í fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ PHP náà. Ó ń gbé e fún PHP-FPM.

Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀ dáadáa: adènà. Ẹ lè fi Nginx síwájú, kí Apache wà lẹ́yìn. Nginx á máa bá àwọn oníbàárà tó lọ́ra fàá, Apache á ráyè se oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń lo àwọn méjèèjì papọ̀ báyìí, nígbà tí àwa ń jà lórí wọn.

5. CADDY, LITESPEED ÀTI ÀWỌN YÒÓKÙ

Caddy jáde ní 2015. Matt Holt, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni àmì àgádágodo tí a ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Kí àmì yẹn tó lè wà, ìkànnì gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí. Let's Encrypt ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sábà ń fúnni kì í ju ọjọ́ 90 lọ. Lórí Apache àti Nginx, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ètò mìíràn, Certbot, láti gbà á àti láti sọ ọ́ dọ̀tun. Caddy ń ṣe é fúnra rẹ̀, ìlànà rẹ̀ kò sì ju ìlà mélòó kan lọ. Fún ẹgbẹ́ tí olórí ẹ̀ka rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré: ìwé-ẹ̀rí kì í mọ̀ pé a wà nínú ìdánwò.

LiteSpeed ń ka .htaccess bíi ti Apache, ó sì ń rìn kiri bíi ti Nginx. Owó ni wọ́n fi ń rà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń háyà àyè fúnni ti rà á tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa lò ó láìmọ̀. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ ni OpenLiteSpeed. Lighttpd, tí Jan Kneschke ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 2003, dára fún kọ̀ǹpútà kékeré. IIS ti Microsoft bá Windows Server wá. Ẹni tó bá ń fi ASP.NET ṣiṣẹ́ ló wúlò fún jù.

6. BÁWO LA ṢE MÁA YAN?

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Tí a bá padà sí ìjọ wa ní Enugu Road, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wọn.

(a) Tí wọ́n bá háyà àyè pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ yàn. Èyí tí onílé ń lò, Apache tàbí LiteSpeed, ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n gbájú mọ́ dídín fáìlì kù.

(b) Tí wọ́n bá háyà odidi kọ̀ǹpútà kékeré tó ní RAM GB 1, tí fáìlì ohùn sì ni olórí iṣẹ́, Nginx tàbí Caddy ló yẹ wọ́n. Bí kò bá sí ẹni tí yóò máa rántí ìwé-ẹ̀rí, Caddy ni kí wọ́n mú.

(d) Ọ̀nà kẹta ni èyí tí a kì í sábà rò. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan, Wi-Fi kan nínú gbọ̀ngàn ìjọ, àti Lighttpd tàbí Nginx lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìwàásù á wà á jáde kó tó lọ sílé, láìná dátà rárá. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bátìrì rẹ̀ lè gbé e títí ìsìn yóò fi parí bí iná bá lọ.

Ohun kan tún wà tó kan gbogbo wọn. Àwọn server tí mo dárúkọ yìí lè jẹ́ kí fóònù bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ẹni tó ti gba MB 12 nínú 14 kò ní láti tún dátà ná láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá gba inú ètò PHP gbé fáìlì náà jáde, àǹfààní yẹn lè sọnù. Ẹ jẹ́ kí server fúnra rẹ̀ gbé e.

Ní ìparí, Lúùkù 14:28 rán wa létí ìṣirò kí ilé tó bẹ̀rẹ̀. Fún iṣẹ́ yìí, ìṣirò náà kọjá owó. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán ènìyàn méjì mọ password. Ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ ra àdírẹ́sì, ẹ má fi orúkọ ẹnì kan rà á. Web server tó dára jù lọ kò ní ṣàǹfààní tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá bá wa lọ sí ìlú tí a ti ń sìnrú ìlú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Web server wo ni ìkànnì ẹgbẹ́ wa ń lò, ta ló sì mọ̀?
2. MB mélòó ni ìwàásù tí a gbé jáde kẹ́yìn? Èló ni dátà rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lò?
3. Tí ẹni tó ń bójú tó ìkànnì bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́la, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 90 sí i?