Kíkà àti Kíkọ: Síso Rédíò Sikánà Mọ́ Kọ̀ǹpútà
Rédíò sikánà ni a fi ń wá ìgbì ohùn àwọn awakọ̀ òfuurufú àti irú wọn kiri. Uniden BC125AT ní àyè 500 fún ìgbì. Títẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan a máa súni. Okùn USB ni a fi ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà kò bá ní sọ́fítíwíà tí yóò fi dá a mọ̀, okùn lásán ni.

‘Kà’ àti ‘kọ’ ni ó ṣòro jù. Kọ̀ǹpútà ni olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì: ó ń ka ohun tí ó wà nínú rédíò, ó sì ń kọ tirẹ̀ lé e. Bí a bá kọ kí a tó kà, ti àtẹ̀yìnwá ti parẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kà á, kí ó sì fi í pamọ́ sínú fáìlì.