Ẹ Dín Ata Yín Lọ́jọ́ Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ ìgbà tí ẹ ń wọlé. Ẹni tó bá ti Ọ̀ṣọ́dì tàbí Sẹ̀lẹ́ wọkọ̀ wá sí Ìkòtún nírọ̀lẹ́ kì í sábà tètè dé, èyí tó sì ń lọ sí Ìgàndò ṣì máa tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Kí ẹ tó bọ́ bàtà, ó ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yín fi ń yà ra búrẹ́dì àti ẹyin díndín lẹ́bàá títì lálaalẹ́. N kò bá yín wí, ṣùgbọ́n owó yẹn ń lọ, ikùn kò sì yó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ alẹ́ Túsìdeè lálẹ́ Túsìdeè. Láti Sátidé la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àtọkùnrin àtobìnrin yín ni mò ń bá wí.

Ẹ tètè lọ sọ́jà Ìkòtún kí oòrùn tó mú. Tàtàsé ni kó pọ̀ jù, kí tòmátì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àlùbọ́sà, kí ata rodo sì jẹ́ ìwọ̀n tí ẹnu yín gbà. Tòmátì tó gùn, tó lẹ́ran nínú, ni kí ẹ ṣà. Èyí tó rí roboto, tí omi àti kóró kún inú rẹ̀, á kàn jẹ gáàsì yín ni. Ẹ má fi omi púpọ̀ lọ ata náà. Kí òróró tó kàn án rárá, ẹ gbé e kaná, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, kó máa hó títí omi rẹ̀ yóò fi fà. Ibí yìí lẹ ti máa ń kánjú, ibí yìí náà sì ni ọbẹ̀ ti ń kan. Nígbà tó bá ti ki, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọ́, nítorí epo pupa ni ìyẹn fẹ́.

Ẹ wá gbé òróró kaná, ẹ dín àlùbọ́sà díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ da ata tó kù sí i, kí ẹ sì fetí sí ìkòkò. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, ata á máa ta pàrà, á máa ta sí yín lápá. Bó bá ń jinná, ariwo yẹn á rọlẹ̀, òróró á yọ sí etí ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ á kúrò ní pupa fòò, á di pupa rúsúrúsú. Ó ti tó nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, ìwọ̀n alẹ́ kan nínú ike kan, kí ẹ kó o sí fìríìsà. Ẹni tí iná kì í dé àdúgbò rẹ̀, kó dín ìwọ̀n ọjọ́ méjì péré, kó máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má sì fi ṣíbí tó ti kan ẹnu bù ú.

Ẹ̀wà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré dichlorvos, oògùn kòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper, wọ́n sì ti kìlọ̀ léraléra fún àwọn tó ń dà á sí ẹ̀wà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kòkòrò kan tàbí méjì nínú ẹ̀wà, ẹ má bẹ̀rù. Òórùn oògùn ni kí ẹ sá fún. Tí ẹ bá délé, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pa. Kòkòrò kò lè pẹ́ níbi tí kò ti rí afẹ́fẹ́ mí. Lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ pa iná, ẹ dé e, kí ẹ lọ wẹ̀ kí ẹ sì sinmi. Tí ẹ bá padà dé, ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu omíràn. Kò ní pẹ́ rọ̀ mọ́. Epo pupa ńkọ́? NAFDAC ti kìlọ̀ nípa aró Sudan tí àwọn kan ń pò mọ́ ọn, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti máa rà á.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Nígbà tí a ń gbé ilé olójúlé, ilé ìdáná kan la jọ ń lò, ẹni tí kò mọ̀ á bi ẹni tó mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìdáná tiyín lè gbé ọdún kan láì mọ ohun tí ẹni tó wà lókè yín ń sè. Bẹ́ẹ̀, Alímọ̀ṣọ́ tí a ń gbé yìí kún fún oríṣiríṣi èèyàn. Lọ́dọ̀ àwọn ará Kàlàbá ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ pé gbúre kì í fẹ́ omi: omi ara rẹ̀ la fi ń sè é, úgwù á wá tẹ̀ lé e. Àwọn Oǹdó á sọ fún yín pé epo gbígbóná tí a ti sọ̀ kalẹ̀ la fi ń yọ́ àpọ̀n lílọ̀, kó má bàa dì ní kókó, kí omi tó kàn án. Ọbẹ̀ yẹn ń yá ju kí ẹ tò sídìí búrẹ́dì lọ. Ẹ kanlẹ̀kùn, ẹ béèrè.

Ewédú lèmi náà ń béèrè. Mo mọ̀ pé kí kánún rẹ̀ má ju ìwọ̀n orí èékánná lọ, kí a má sì dé ìkòkò rẹ̀ pa kó má bàa dúdú. Ṣùgbọ́n bí yóò ṣe di ọjọ́ kejì tí yóò ṣì máa yọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, n kò tíì rí ẹni kọ́ mi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú yín, kó wá sọ fún mi.