Odò Potomac Kò Mọ Òmùwẹ̀: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Tó Fẹ́ Wa Káyáàkì

Ìgbà ooru ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Maryland, ní Virginia àti ní Washington máa ń kó ọmọ, kó kúlà, kó ẹran yíyan, tí wọ́n á forí lé etí odò Potomac. Kò sí aburú níbẹ̀. Ohun tó ń kọni lóminú ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń wo fídíò àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní káyáàkì já wálẹ̀ láti orí àpáta, tí omi ń hó yaya lábẹ́ wọn, àwọn náà sì fẹ́ dán an wò. Àwọn mìíràn ti ra káyáàkì olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ti so ó mọ́ orí mọ́tò. Kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ létí odò, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí lé wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ariwo omi kọ́ ló ń pa èèyàn. Ohun tí omi fi pa mọ́ ló ń pa á, ojú tí wọn kò kọ́ kò sì lè rí i.

Irú odò tó jẹ́

Great Falls wà lápá òkè odò, nǹkan bíi máìlì 14 sí Washington. Ibẹ̀ ni Potomac ti ń já wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 76 láàárín ibi tí kò tó máìlì kan. Lókè ibẹ̀, odò náà fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tó bá wọ àárín àpáta tí wọ́n ń pè ní Mather Gorge, fífẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 100. Omi kò dín kù o, ọ̀nà ló fún. Gbogbo rẹ̀ á wá ti ara rẹ̀ gba ibi tóóró yẹn, á sì máa sáré kíkankíkan bí òkè rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán bíi díńgí.

Àwọn tó lo odò yìí fún òwò láyé àtijọ́ kò bá a fa wàhálà. Lọ́dún 1785, ilé-iṣẹ́ kan tí George Washington jẹ́ ààrẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà omi gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ náà, kí ọkọ̀ akẹ́rù má baà gba orí àpáta kọjá. Ọdún 1802 ni wọ́n tó parí rẹ̀, Washington fúnra rẹ̀ sì ti kú ní 1799. Ọkùnrin tó dojú kọ ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì yà fún omi yìí.

Lónìí, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti lúwẹ̀ẹ́ tàbí kó wọ́ odò ní páàkì Great Falls. Àwọn tó mọṣẹ́ káyáàkì ń wa ọkọ̀ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìrọ̀rùn ọwọ́ wọn tàn yín. Agbègbè yìí ti mú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ jáde. Joe Jacobi, tí wọ́n bí ní Washington, àti Scott Strausbaugh gba góòlù nínú ìdíje ọkọ̀ orí omi líle ní Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Jonathan Akinyemi ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje káyáàkì ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 2012. Ẹ wò ó dáadáa o: ibi tí Akinyemi ti figagbága, ẹ̀rọ ló ń fa omi rẹ̀, wọ́n lè pa ẹ̀rọ náà nígbà tó bá wù wọ́n, àwọn agbẹ̀mílà sì wà létí omi. Ta ni yóò bá wa pa Potomac?

Àwọn atukọ̀ pín omi líle sí ìpele mẹ́fà. Ìkíní ni omi tó kàn ń mì díẹ̀díẹ̀. Ìkẹfà ni èyí tí ọ̀gá pàápàá máa ń rò lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé èjìká, kó fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Great Falls wà ní ìpele karùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra ọkọ̀ lánàá kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ má dìde dúró

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí èèyàn bọ́ sómi, ohun tí ara máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó nàró. Ìmọ̀ràn ikú nìyẹn. Ìsàlẹ̀ odò yìí kì í ṣe yanrìn. Àpáta ni, ó sì ní pàlàpálá káàkiri. Ẹsẹ̀ á wọ inú pàlàpálá, omi á ti àyà síwájú, orúnkún á tẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní yọ mọ́. Èèyàn á doríkodò sínú omi tí kò ju ìbàdí rẹ̀ lọ, àwọn tó wà létí odò á máa wo ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọwọ́ wọn kò sì ní tó o. Agbára kò ràn án níbẹ̀. Omi tó kún inú àpótí tó jẹ́ mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga wúwo tó 1,000 kílò. Bí eré omi bá di ìlọ́po méjì, ipá tó fi ń ti èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin.

Nítorí náà, omi tó bá ń sáré, tó sì ti kọjá orúnkún, ẹ má ṣe dìde nínú rẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì sí ibi tí omi ń ṣàn lọ, kí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ yọ sójú omi, kí ẹ máa fi apá wẹ̀ lọ sí etí odò, níbi tí omi ti rọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni òfin yìí ti yí padà, ìyẹn bí ẹ bá rí igi tó wó sódò níwájú yín. Omi máa ń gba àárín ẹ̀ka igi kọjá, ṣùgbọ́n ara èèyàn kò ní gbà á kọjá, á lẹ̀ mọ́ ọn ni. Bí ẹ kò bá lè yà fún un, ẹ yí padà, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi gbogbo agbára wẹ̀ lọ bá igi náà, kí ẹ sì gun orí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gbà yín wọlé sí abẹ́.

Dáàmù tí kò ga

Nísàlẹ̀ Great Falls, kí odò tó dé afárá Chain Bridge, dáàmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Little Falls tàbí Brookmont. Torí kí wọ́n lè rí omi ẹ̀rọ fà fún ìlú Washington ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń wakọ̀ bọ̀ láti òkè kò ní rí nǹkan kan níwájú ju ìlà tó tẹ́jú lọ, á rò pé odò ń bá ìrìn rẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n omi tó já wálẹ̀ láti orí irú dáàmù bẹ́ẹ̀ máa ń ká padà sẹ́yìn. Á fa ọkọ̀ àti èèyàn wọ abẹ́, á tú wọn sókè, á tún fà wọ́n padà. Àárín ìfóòfó yẹn kún fún afẹ́fẹ́, nítorí náà jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó kì í lè gbé èèyàn sókè níbẹ̀ bó ṣe ń ṣe nínú omi lásán. Àwọn atukọ̀ ń pe irú dáàmù yìí ní ẹ̀rọ apànìyàn. Bí ẹ bá rí àkọlé ìkìlọ̀ rẹ̀, ẹ kúrò lójú omi kíákíá. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ wò ó níwájú díẹ̀ sí i.

Oòrùn kò sọ òtítọ́

Ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin, oòrùn lè ràn débi pé èèyàn á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ odò á ṣì tutù bíi yìnyín. Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, tó ti ṣèwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí òtútù ṣe ń ṣe ara, ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún ẹni tó bá já sínú irú omi bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú 1 láti fi tọ́jú èémí, torí èèyàn á máa mí gúlegúle, ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á ṣì gbọ́ràn, lẹ́yìn náà, nǹkan bíi wákàtí 1 kí òtútù tó mú un dákú. Ẹni tí kò bá wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó kò ní í rí wákàtí yẹn lò, torí pé ọwọ́ tó ti kú kò lè wẹ̀. Aṣọ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí òtútù wọlé ni kí ẹ wọ̀. Kọ́tìnì àti jíǹsì kò dáa fún irú omi bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni òjò. Inú àwọn òkè West Virginia ni Potomac ti ń ṣàn bọ̀. Òjò lè rọ̀ lọ́hùn-ún, kí ojú ọ̀run Washington mọ́ kedere, kí odò sì kún lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Òpó kan wà ní páàkì Great Falls lápá Virginia, wọ́n sàmì sí ibi tí ìkún omi gíga dé, wọ́n sì kọ ọdún rẹ̀ sí i lára. Ẹ lọ dúró nídìí rẹ̀, kí ẹ wòkè. Àmì ti ọdún 1936 ló ga jù, ó fi orí àgbàlagbà sílẹ̀ jìnnà. Ìwọ̀n omi tí ìjọba ń kà ní Little Falls wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nílé. Bí odò bá ń kún, tó ti pọ́n bíi ẹrẹ̀, tó sì ń gbé ìtì igi, ẹ padà.

Ohun tó yẹ kó wà lára àti lọ́wọ́

Jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó tó bá ara mu, kí ẹ so gbogbo okùn rẹ̀. Akoto tó le. Bàtà tí kì í yọ̀. Fèrè. Káyáàkì tí wọ́n ṣe fún omi líle, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún adágún. Síkẹ́ẹ̀tì rọ́bà wà tí àwọn awakáyáàkì fi ń dé ẹnu ọkọ̀ mọ́ ìbàdí. Okùn kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí èèyàn máa fà bí ọkọ̀ bá dojú dé. Bí okùn yẹn bá há sínú nígbà tí ẹ ń dé e, ẹ ti ti ara yín mọ́lé nìyẹn. Ẹ máa fọwọ́ kàn án ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó kúrò létí odò. Inú ibi ìlúwẹ̀ẹ́, lójú olùkọ́, ni kí ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ ara jáde àti bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀ padà láìjáde.

Ẹ má dá lọ. American Whitewater, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi líle ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1954, gbani nímọ̀ràn pé kí àwọn tó ń lọ má dín ní èèyàn mẹ́ta tàbí ọkọ̀ méjì. Kí okùn inú àpò wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ jù ú á kọ́kọ́ pariwo kí ẹni tó wà lómi lè wò ó, á di ìdí okùn mú, á wá ju àpò náà kọjá èjìká ẹni náà. Ẹni inú omi á di okùn mú sí àyà, á fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò gbọdọ̀ wé e mọ́ ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ so ó mọ́ ara. Ọtí ńkọ́? Ọtí dúró nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ wa ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Potomac ti gbé lọ ni kò ní í lọ́kàn láti wọ omi rárá. Wọ́n ń rìn lórí àpáta ni, wọ́n ń ya fọ́tò, tàbí kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tutù. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Ẹ dúró sẹ́yìn irin tí ìjọba ṣe. Bí ẹnì kan bá já sómi, ẹ má ṣe bẹ́ tẹ̀lé e, torí òkú méjì kò sàn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ pe 911, ẹ sọ ibi tí ẹ wà àti apá ibi tí omi gbé e gbà, ẹ wá ju okùn, igi tàbí kúlà tó lè léfòó sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ọmọ Ìlàjẹ lòun, tàbí pé ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lòun ti kọ́ ìwẹ̀. A kò jiyàn. Ọ̀sà kì í sáré báyìí, kò sì ní àpáta lábẹ́. Òmìíràn á sọ pé òun ti gbàdúrà kí òun tó jáde. Àmín o, kó wá de jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn kọ̀ fún ọmọ, torí ọmọ tí ẹ kọ̀ fún á yọ́ lọ. Ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni. Lápá Georgetown, odò yìí kan náà tẹ́jú, wọ́n sì ń háyà káyáàkì níbẹ̀. Kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, kó gba ìpele kìíní, kó gba ìkejì, kí olùkọ́ sì jẹ́rìí sí i. Ẹni tí kò bá tíì gba ẹ̀kọ́ yìí, tí kò ní ẹnìkejì tó mọṣẹ́, tí kò sì wo ìwọ̀n omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí omi Great Falls tàbí ti Little Falls. Ẹ̀mí kò ní ẹ̀dà. Ẹni a wí fún, Ọba jẹ́ ó gbọ́.