Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ Ti Rọlẹ̀, Ẹ Má Tíì Di Ẹrù Yín

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ọmọ ń ṣàìsàn lọ́wọ́ yín, ọjọ́ kan wà tó léwu gan-an nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé. Kì í ṣe ọjọ́ tí àìsàn ọmọ le jù. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá ni.

Ẹ wo jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọmọ wa ní àgbọ̀n, èyí tí wọ́n fi orúkọ Denis Burkitt pè, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda. Ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀ ló ti wọ́pọ̀, ilẹ̀ wa sì wà lára wọn. Eyín ọmọ lè kọ́kọ́ máa mì. Àwọn mìíràn a ti yọ eyín náà kí wọ́n tó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ojoojúmọ́ ló ń ga sí i. Àmọ́ bó ṣe ń yára dàgbà náà ni oògùn ṣe ń yára ràn án. Ọmọ tí wọ́n gbé wọlé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú, wọ́n á fa oògùn sí i lójú iṣan, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ojú ti là, ó ń bèèrè ìrẹsì àti ẹyin. Ìyá a sunkún ayọ̀. Bàbá a ní, "Ọlọ́run ti ṣe é." Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti di ẹrù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í. Ohun tí ojú ń rí ló lọ, ìyókù ṣì wà nínú ara tí ojú ò lè rí. Bí oògùn bá dúró, ìyókù yìí á tún gbérí, èyí tó bá sì padà wá máa ń ṣòro wò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí ẹ padà wá gba òmíràn, kí ẹ tún padà wá, nígbà tí ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́langba ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó ń yè é. Ní àwọn ilẹ̀ tí owó ò pọ̀ bíi tiwa, kò tó 30. Ara ohun tó ń dá a sílẹ̀ ni pé a kì í tètè dé ilé ìwòsàn, oògùn ń wọ́n, a sì ń fi ìtọ́jú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ jù.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé àìmọ̀kan ló ń lé àwọn ènìyàn kúrò ní wọ́ọ̀dù. Owó ni. Owó oògùn, owó àyẹ̀wò, owó ẹ̀jẹ̀, owó mọ́tò láti ìlú mìíràn, oúnjẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ, ṣọ́ọ̀bù tó wà ní títì, àti àwọn ọmọ yòókù tó wà nílé tí wọn ò mọ ẹni tó máa ṣe wọ́n lóore. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ orúkọ àìsàn yìí fún yín, tí etí yín ò gba ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́, ẹ ní kí dókítà fún yín láyè. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ó mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ bèèrè pé: ẹ̀ẹ̀melòó la máa gba oògùn yìí? Oṣù mélòó ni? Èló ni ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Èwo lẹ ní níbí, èwo la máa lọ rà níta? Ti Burkitt lè parí láàárín oṣù mélòó kan. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé lè gbà tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Ti kíndìnrín sábà máa ń ní iṣẹ́ abẹ nínú pẹ̀lú oògùn.

Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn yẹn darí ọwọ́ yín. Ẹ má sáré ta ilẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ kó gbogbo owó náà lé ìgbà kìíní, kí ọwọ́ wá ṣófo nígbà kẹta. Ẹ pín in. Bó bá sì tán náà, ẹ má sá lóru. Ẹ lọ bá dókítà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Dókítà, owó ti tán lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí oògùn dúró." Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní ọ́fíìsì sóṣà wẹ́fíà, iṣẹ́ wọn sì ni láti wá ọ̀nà. Ní Èkó, Children Living With Cancer Foundation àti The Dorcas Cancer Foundation wà lára àwọn tó ń ti irú ẹbí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn, bí Ìlera Èkó. Ẹ má retí pé wọ́n á san gbogbo owó jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ohun tí wọ́n lè san, àní àyẹ̀wò àti ẹ̀jẹ̀ nìkan.

Bó bá di pé ẹ fẹ́ tọrọ ìrànlọ́wọ́ lórí Facebook tàbí WhatsApp, ẹ ṣọ́ra. Àwọn olè ń jí fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ń fi nọ́ńbà àkáǹtì tiwọn sí i. Ẹ ní kí àwọn olóore san án tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn bí ilé ìwòsàn bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan nínú ẹbí, tí kì í ṣe ìyá ọmọ, máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ sí ojú ayé ní ìhòòhò. Yóò dàgbà, yóò sì rí i.

Nílé, láàárín oògùn kan sí èkejì, ibà ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Oògùn jẹjẹrẹ ń pa nínú àwọn ọmọ ogun tó ń gbèjà ara ọmọ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń kéré jù ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn oògùn. Ní àsìkò yẹn, kòkòrò tí ọmọ mìíràn máa fi oorun borí lè pa tiyín láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ ra tẹmọ́mítà. Bó bá kan 38°C, bó jẹ́ aago kan òru, ẹ gbéra. Ẹ má lọ ra oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́. Mo mọ ìyá kan tó fi àpò ọ̀rá kan kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: káàdì ilé ìwòsàn ló wà nínú rẹ̀, ìwé tó ń kọ oògùn sí, ìró kan, àti owó mọ́tò tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ yá, bó ti wù kí ebi pa wọ́n. Ẹ ṣe irú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un ní abẹ́rẹ́ ìdí ní ẹ̀yìn dókítà yín, ẹ má sì fún un ní asipirín tàbí ibuprofen, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tètè dá bó bá ń jáde. Àgbo wà nílé gbogbo wa, mi ò fẹ́ bá a jà. Nígbà ìtọ́jú yìí, ẹ jẹ́ kó sinmi. Iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ ń ṣe lórí oògùn líle ti tó wọn. Bí ìyá àgbà bá sì ti fún un mu, ẹ sọ fún dókítà láìfi nǹkan kan pa mọ́. Bí ọmọ kan ní àdúgbò bá ní ibà tí ara rẹ̀ sì sú, ẹ gbé tiyín jìnnà sí i, bó bá sì ti bá a ṣeré, ẹ sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbà á ní àjẹsára kankan láìbéèrè. Irun á re, ẹnu lè bó. Lẹ́yìn oògùn pupa tó ń jẹ́ doxorubicin, ìtọ̀ lè pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tí kò tíì kan ilé yín, ẹ gbọ́ díẹ̀ yìí. Ìyá tó ń wẹ ọmọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ ba nǹkan líle nínú ikùn ọmọ, ọmọ náà sì lè má sọ pé ó ń dun òun. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má pe gbogbo agbo ilé wá tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fi iná fóònù ya fọ́tò, tí nǹkan funfun ń tàn láàárín ẹyinjú kan, tàbí tí ojú kan yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sọ pé ẹwà ni. Ibà tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà, ọmọ tó ń funfun lójú àti ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láìnídìí, egungun tó ń ro ó lóru, orí fífọ́ àárọ̀ pẹ̀lú èébì: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí UCH Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ti OAU ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí UITH Ìlọrin. Púpọ̀ nínú wọn kò ní jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹnu dókítà ni ẹ ti fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ kù. Àwa àgbà máa ń rò pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọmọ ò gbọ́. Ó ń gbọ́. Ó rí i pé ẹ ń sunkún ní bálùwẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè rò pé torí òun jí ẹran nínú ìkòkò ni wọ́n ṣe ń gún òun lábẹ́rẹ́. Ẹ sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe, pé nǹkan burúkú kan wà nínú ara rẹ̀ tí oògùn ń lé jáde, pé abẹ́rẹ́ á dùn ún díẹ̀, ẹ ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ń lọ ra bisikíìtì kí ó wá bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó purọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù. Ẹ má gbàgbé ọmọ yín mìíràn tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó lè máa rò pé ẹ ò fẹ́ òun mọ́, tàbí pé òun náà máa kó o. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ pè é lórí fóònù lálaalẹ́, ẹ bi í léèrè nípa ilé ìwé rẹ̀.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ dákun, ẹ fi ìbéèrè "ta ló ṣe ọmọ yìí?" sílẹ̀. Ìyá kò fi oúnjẹ fà á, kì í ṣe èpè ilé ìyàwó, kì í sì í ṣe ọwọ́ aládùúgbò. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹjẹrẹ ọmọdé, kò sí ohun tí òbí ṣe tàbí tí kò ṣe tó fà á. Ti ojú nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí, nítorí irú kan nínú rẹ̀ máa ń bá ìdílé rìn. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú àwọn àbúrò wò. Bàbá tó bá ń fi iṣẹ́ sá fún wọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni kí ó bá a sọ̀rọ̀, ní jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ jẹ́ kí òun náà sùn ti ọmọ lóru ọjọ́ Sátidé kí ìyá lè lọ wẹ̀, kí ó sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oore, ẹ̀jẹ̀ ni kó lọ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ń lo ẹ̀jẹ̀ gidigidi, ẹbí sì lè máa wá ẹni tó máa fún wọn kiri láti ilé dé ilé. Ẹ gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá, ẹ lọ mú àwọn ọmọ yòókù ní ilé ìwé. Ẹ má mú ikọ́ wá, ẹ má sì mú ìtàn ọmọ ẹnì kan tó kú wá. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Pásítọ̀, àfáà tàbí babaláwo tó bá ní kí ẹ dá oògùn dúró kí àdúrà tó lè ṣiṣẹ́, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé oògùn ò ràn án mọ́. Nígbà náà náà, ìrora ní oògùn. UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú ìrora àti ìtìlẹ́yìn ẹbí. Bíbéèrè oògùn ìrora kò túmọ̀ sí pé ẹ ti jọ̀wọ́ ọmọ yín.

Bí wọ́n bá sì sọ pé oògùn ti parí, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa padà wá fún àyẹ̀wò, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Bí nọ́ńbà fóònù yín bá yí padà, ẹ pe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, kí ẹ fún wọn ní tuntun.