Àròyé Kò Wọ Etí Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ó gbé ti aláròyé. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ẹni tí wọ́n ń ṣàròyé fún ní etí, ojú sì máa ń tì í. Bí òtòṣì bá káwọ́ lérí láàárín ọjà, tó ń rojọ́ adìẹ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tó gbé e á dá a padà kí òun náà lè rí oorun sùn. Ẹ wá gbé irú àròyé bẹ́ẹ̀ lọ sí báńkì lónìí. Ẹ ní ẹ̀rọ ìpọwó báńkì mìíràn ti yọ 20,000 náírà nínú àkáǹtì yín, kò sì pọ kọ́bọ̀ jáde. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì á tẹ kọ̀ǹpútà, á tún un tẹ̀, á wá rẹ́rìn-ín músẹ́: "Dádì, sístẹ́ẹ̀mù ní ẹ ti gba owó yín." Ta wá ni ẹlẹ́rìí? Sístẹ́ẹ̀mù náà ni.

Èmi kì í bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jà. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì àwọn báńkì kan dákú ní Nàìjíríà, ta ni ẹ rò pé ó jẹ èébú? Akáṣíà ni. Bẹ́ẹ̀, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ló já lábẹ́ òkun, lẹ́bàá etíkun Côte d'Ivoire. Ìsàlẹ̀ tí amúkùn-ún ń wí ti di ìsàlẹ̀ òkun.

Kì í ṣe ti báńkì nìkan. Mo wà níbì kan tí ìyá aláró kan ti wá ṣe NIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ó ti pẹ́ tí ìyá yìí ti ń tọwọ́ bọ ìkòkò aró. Akọ̀wé ní kó gbé àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ; ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Wọ́n faṣọ nù ún, wọ́n fomi sí i, wọ́n gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e tán.

"Màmá, ẹ̀rọ ní ìka yín ò sí."

"Kò sí báwo? Kí ni mo fi jẹ àmàlà láàárọ̀ yìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. Ẹ̀rín yẹn ló gbé akọ̀wé náà dìde tó fi lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ló sì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ fún ẹni tí ìlà ìka rẹ̀ ti parẹ́. Ká ní ìyá ṣépè ni, "Ẹ padà wá lọ́la" ni ì bá gbà lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tútù nìkan kọ́. Nọ́mbà ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́, nítorí náà ẹ sọ àròyé yín di nọ́mbà. Bí owó bá há, ẹ kọ ọjọ́, aago, iye owó àti ibi tí ẹ̀rọ náà wà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ dẹ́bíìtì rẹ́. Bí ẹ bá dé báńkì, ẹ má gba "a ó ṣiṣẹ́ lé e lórí". Nọ́mbà àròyé ni kí ẹ gbà. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní dandan ni kí wọ́n fún yín. Ní oṣù Kẹfà 2020, ó pàṣẹ pé owó tó bá há sínú ẹ̀rọ báńkì mìíràn gbọ́dọ̀ padà láàárín wákàtí 48, ti POS láàárín wákàtí 72. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún wọn. N ò tíì rí ohun tó ń tètè jí sístẹ́ẹ̀mù bí oníbàárà tó mọ gbèdéke. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ ló kàn, nọ́mbà àròyé yẹn sì ni wọ́n máa bi yín.

Ti orúkọ náà wà níbẹ̀. Ẹyọ nọ́mbà 11 ni BVN tí báńkì fi ń dá yín mọ̀, ẹyọ nọ́mbà 11 ni NIN, orúkọ orí méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Akinwumi tó wà ní báńkì àti Akinwunmi tó wà lórí NIN, lójú bàbá tó sọ yín lórúkọ, ẹnì kan ṣoṣo ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú yín ń ṣe jìbìtì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ara ṣì dẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ tí owó ilé ìwé ọmọ délẹ̀.

Rọ́bọ́ọ̀tì orí fóònù ńkọ́, tó ní kí ẹ tẹ 1, kí ẹ tẹ 2, kí ẹ máa gbọ́ orin? Ẹ gbé e sí láúdì, kí ẹ máa já ewédú yín lọ.

Ẹ kàn má lọ kó ẹjọ́ yín dà sójú ìwé báńkì lórí Facebook tòun ti nọ́mbà àkáǹtì àti ti fóònù. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń ka àròyé níbẹ̀ yára ju báńkì lọ. Wọ́n á pè yín, wọ́n á ní kọ́sítọ́mà kíà ni, wọ́n á bẹ̀ yín bí ọmọ gidi, wọ́n á wá béèrè PIN. Ẹ pa fóònù. Báńkì tí ẹ ti ń pè láti Mọ́ńdè tí kò gbé e, kí ló fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ Sọ́ńdè?