Kí Ẹ̀tọ́ Ẹni Tó Farapa Má Baà Sọnù

Bí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí Yorùbá máa ń sọ ni pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Èkejì ni pé kí wọ́n fi awakọ̀ sílẹ̀, àmúwá Ọlọ́run ni. Ìwà ọmọlúàbí ni àánú, ṣùgbọ́n láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí ni ẹ̀tọ́ ẹni tó farapa ti sábà máa ń bọ́ sọnù.

Ká ní ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ní Area 1, Garki, ń sọdá títì ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sì gbá a. Ó dìde, ó ní ẹsẹ̀ nìkan ló ń dun òun díẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wá àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú obìnrin náà kàn, ó san 40,000 náírà, ó sì ní kí ìyá náà tọwọ́ bọ ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn àgbà jẹ́rìí sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ náà kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Àwòrán tí wọ́n yà ní ilé ìwòsàn fi hàn pé eegun ti sán, iṣẹ́ abẹ sì di dandan. Bí ìyá náà bá wá béèrè owó ìtọ́jú, ìwé tó tọwọ́ bọ̀ ni agbẹjọ́rò ẹni tó ni ọkọ̀ yóò nà jáde. Kò sí ẹni tó ṣe àrékérekè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkánjú ló bà á jẹ́.

Kò sí àléébù nínú kí àgbà parí ìjà. Àléébù ibẹ̀ ni pípa ojú ọ̀rọ̀ dé kí dókítà tó sọ bí ìpalára náà ti tó. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó ṣáájú, bí ara tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó le. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ka á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn láti kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì, ìbáà jẹ́ nítorí owó. Ìwé dókítà àti rìsíìtì oògùn ni yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu bá ti gbàgbé. Kí ẹni tó wà nítòsí fi fóònù ya nọ́ńbà ọkọ̀ àti ojú ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ó gba orúkọ awakọ̀ àti ti àwọn ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìbánigbófò, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ínṣọ́ránsì. Òfin sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ nítorí ẹlòmíràn tó lè farapa. Láti oṣù Kínní ọdún 2023, 15,000 náírà ni ẹni tó ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni ń san lọ́dún, ẹni tí ọkọ̀ náà bá ba dúkìá rẹ̀ jẹ́ sì lè gbà tó mílíọ̀nù 3 náírà. Ìpalára ara ní ààyè tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀. Ẹni tó bá tẹ *565*11# lórí fóònù lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni ti ọkọ̀ tó gbá ènìyàn. Bí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò bá ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọ́fíìsì NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso wọn, wà ní Garki 2 níbẹ̀, lójú pópó tí wọ́n fi orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá sọ.

Ọjọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ tó fa ìjàm̀bá bá jẹ́ ti ìjọba, tí awakọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́, oṣù 3 péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lo oṣù mẹ́ta yìí tán lórí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè tọ Legal Aid Council lọ. Ẹjọ́ ìjàm̀bá wà lára ohun tí òfin 2011 gbé lé àjọ náà lọ́wọ́ fún àwọn tí owó wọn kéré.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kó máa pa ẹ̀dà gbogbo ìwé wọ̀nyí mọ́, nítorí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kò lè máa wá ìwé kiri.