Ọkọ̀ Òkun Tó Ń Gbé Bàálù

Àgbẹ̀ Adó-Èkìtì tó bá ta kòkó nígbà ogun Hitler, ibo ni kòkó rẹ̀ ń lọ? A ó kó o dé Èkó, ọkọ̀ òkun a sì gbé e lọ sí ìlú Òyìnbó. Ṣùgbọ́n ewu pọ̀ lójú òkun.

Ọkọ̀ Elder Dempster kan wà tí wọ́n fi orúkọ èbúté Apapa pè. Ó kúrò ní Èkó, ó ń lọ sí Liverpool. Ní oṣù Kọkànlá 1940, bàálù Jámánì ju bọ́ǹbù lù ú nítòsí Ireland, ó sì rì. Àwọn bàálù kéékèèké tó lè lé ọ̀tá náà ò lè fò dé ibẹ̀, epo wọn ò tó.

Kí ni Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe? Wọ́n mú ọkọ̀ ẹrù Jámánì kan, Hannover, tí wọ́n ti gbà lójú ogun. Wọ́n gé òkè rẹ̀ kúrò, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bíi pápá, wọ́n sọ ọ́ ní Audacity. Bàálù 6 ló ń gbé. Kò sí yàrá fún wọn: òjò ni o, ìjì ni o, ìta gbangba ni wọ́n wà. Ẹ sì wo bí èèyàn ṣe ń bà sórí ohun tó ń jó lórí omi!

Ní oṣù Kejìlá 1941, ó sin ọkọ̀ ẹrù tó lé ní 30 láti Gibraltar. Méjì péré ló ṣòfò nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 21, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rí Audacity fúnra rẹ̀, ó sì rì í. Kí ogun tó parí ní 1945, Amẹ́ríkà nìkan ti kan irú rẹ̀ ju 100 lọ.